Awakọ̀ Tó Gbá Ènìyàn Tó sì Na Pápá Bora

Sísá kúrò níbi ìjàǹbá ọkọ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó dá dúró fúnra rẹ̀ lábẹ́ òfin. Kò sinmi lórí ẹni tó jẹ̀bi ìjàǹbá náà. Bí ẹlẹ́sẹ̀ kan bá já sójú títì láìwo ọ̀tún wo òsì, tí ọkọ̀ sì gbá a, awakọ̀ náà lè má jẹ̀bi ohunkóhun. Ṣùgbọ́n bí ó bá tẹná, tó fi onítọ̀hún sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ó ti dá ẹ̀ṣẹ̀ tuntun tí kò sí ẹlòmíràn tó bá a pín nínú rẹ̀. Ìjàǹbá kì í gbà ju ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì lọ, kò sì sí ẹni tó jí láàárọ̀ tó ní òun fẹ́ ẹ. Sísá ni ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn. Orí ìyàtọ̀ yìí ni òfin ọ̀rọ̀ náà dúró lé.

Ẹ jẹ́ ká fi Abúlé Ẹ̀gbá ní Èkó ṣe àpẹẹrẹ. Òpópónà márosẹ̀ tó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta gba àárín rẹ̀ kọjá. Afárá tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣí ní ọdún 2017 gbé àwọn ọkọ̀ tó ń sáré lọ sí ọ̀nà Sángo sókè. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni dánfó, kòrópe àti márúwá ti ń pe èrò, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ń ti Èkóró àti ọ̀nà Command bọ̀ ti ń pàdé ara wọn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, ọ̀nà BRT, ti bọ́ọ̀sì akérò nìkan, tó ti Òṣódì wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àárín títì ló sì gbà. Ẹni tó bá fẹ́ sọdá láti ìhà kan sí ìkejì gbọ́dọ̀ la ọ̀nà ọkọ̀ tó ń lọ kọjá, kó la ọ̀nà BRT, kó tún la ọ̀nà ọkọ̀ tó ń bọ̀, kó tó ráyè mí. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ wà ní àwọn ibùdókọ̀ kan, àmọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í gùn ún, pàápàá nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí ẹrù wà lórí, tí ọmọ sì wà lẹ́yìn. Irú ibi báyìí ni òfin yìí ti ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe inú ìwé nìkan.

Ká ní agogo méje àbọ̀ alẹ́ ni. Obìnrin kan ń ti ọjà Ilé-Epo bọ̀, ó gbé àpò tòmátò àti ẹ̀fọ́ dání, ó ń sọdá. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan yọ láti ẹ̀yìn dánfó tó dúró, ó gbá a ní ìbàdí, dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà já bọ́, tòmátò fọ́n ká orí ọ̀dà. Awakọ̀ tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ dúró níwájú díẹ̀, iná pupa ẹ̀yìn rẹ̀ tàn. Awakọ̀ gbójú sókè wo inú dígí tó fi ń wo ẹ̀yìn, ó rí ẹni tó wà nílẹ̀, ó tún rí àwọn èrò tó ti ń ké bọ̀. Láàárín ìgbà tí iná pupa yẹn tàn àti ìgbà tó fẹ́ kú ni òfin ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

Ohun tí òfin ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kò pọ̀. Kó dúró. Kó ran ẹni tó fara pa lọ́wọ́ bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ, kó sì wá ọ̀nà tí onítọ̀hún yóò fi dé ilé ìwòsàn. Kó sọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ fún ẹni tó bá ní ẹ̀tọ́ láti béèrè, kó sọ orúkọ ẹni tó ni ọkọ̀, kó jẹ́ kí wọ́n kọ nọ́ńbà ọkọ̀ àti ìwé adójútòfò rẹ̀ sílẹ̀. Kó sì fi ọ̀rọ̀ náà tó ọlọ́pàá tàbí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó létí kíákíá.

Ìlànà yìí ti pẹ́. Ní Bírítéènì, nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣì jẹ́ ohun tí àwọn ọmọdé ń sáré jáde wá wò, òfin ọkọ̀ ti ọdún 1903 ti pàṣẹ pé awakọ̀ tó bá ní ìjàǹbá gbọ́dọ̀ dúró, kó sì sọ orúkọ rẹ̀. Òfin ìrìnnà wọn ti ọdún 1930 fi kún un pé ẹni tí kò bá fi orúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sọ fún ọlọ́pàá ní kété tó bá ti ṣeé ṣe, kò sì gbọ́dọ̀ ju wákàtí 24 lọ. Òfin wọn ka ẹran mọ́ ọn pẹ̀lú: ẹṣin, màlúù, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ìbaaka, àgùntàn, ẹlẹ́dẹ̀, ewúrẹ́ àti ajá. Adìẹ àti ológbò kò sí nínú rẹ̀. Láti inú àwọn òfin wọ̀nyí ni ojúṣe dídúró ti wọ òfin ìrìnnà Nàìjíríà nígbà ìjọba amúnisìn, kò sì tíì jáde níbẹ̀ títí di òní.

Kí ni dídúró gan-an? Ibí ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹni tó dẹ ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, tó yọ orí wo ẹ̀yìn, tó sì tún bá tirẹ̀ lọ kò dúró. Ẹni tó wa ọkọ̀ délé, tó gbé e pamọ́ sínú ọgbà, tó wá rán àbúrò rẹ̀ padà láti lọ wo bóyá ẹni náà ti kú kò dúró. Kódà ẹni tó ju owó sílẹ̀ fún àwọn tó ń wòran pé kí wọ́n fi gbé e lọ sí ọsibítù, tí kò sì sọ orúkọ rẹ̀, kò tíì ṣe ohun tí òfin wí. Dídúró túmọ̀ sí pé kí awakọ̀ wà níbẹ̀ títí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn yóò fi mọ ẹni tó jẹ́. Òṣìṣẹ́ LASTMA, àjọ tó ń darí ọkọ̀ ní Èkó, lè ní kó gbé ọkọ̀ kúrò lójú ọ̀nà kí títì má bàa dí. Ìyẹn kò sọ ọ́ di ẹni tó sá, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ti ya fọ́tò ibi tí ọkọ̀ wà tàbí tí wọ́n ti sàmì sí i, tí òun fúnra rẹ̀ sì wà nítòsí.

Ìbéèrè kan máa ń jáde níwájú adájọ́: awakọ̀ tó bá sọ pé òun kò mọ̀ pé òun gbá ohunkóhun ńkọ́? Ilé-ẹjọ́ Bírítéènì dáhùn rẹ̀ ní 1948, nínú ẹjọ́ Harding àti Price. Ọkọ̀ ẹlẹ́rù kan tó ń fa tírélà gbá ọkọ̀ mìíràn, ariwo ẹ̀rọ rẹ̀ kò sì jẹ́ kí awakọ̀ gbọ́. Ilé-ẹjọ́ ní kò sí bí ènìyàn ṣe lè ròyìn ohun tí kò mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀. Àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà náà mọ ẹjọ́ yìí. Ṣùgbọ́n àwíjàre yìí kò gbòòrò tó bí àwọn kan ṣe rò. Awakọ̀ tírélà tí igun ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ ha márúwá lè sọ pé òun kò mọ̀, kí wọ́n gbọ́ ọ. Awakọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí dígí iwájú rẹ̀ fọ́, tí ẹ̀jẹ̀ wà lára bọ́ńẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ta ni yóò gbà á gbọ́?

Òfin tó kan awakọ̀ ní Abúlé Ẹ̀gbá kì í ṣe ẹyọ kan. Ti ìjọba àpapọ̀ wà: òfin tó gbé àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ró ní 2007, àti ìlànà ìrìnnà orílẹ̀-èdè ti ọdún 2012. (Àjọ náà ti wà láti oṣù Kejì ọdún 1988.) Ti ìpínlẹ̀ Èkó náà wà: òfin tó tún ètò ìrìnnà tò ní 2018. Lórí wọn ni òfin ọ̀daràn ti ìpínlẹ̀ náà tún wà. Nínú ìwé owó ìtanràn FRSC, ẹni tó kọ̀ láti ròyìn ìjàǹbá yóò san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà, ₦20,000. Ìwàkuwà tó lè ṣe ènìyàn léṣe jẹ́ ₦50,000.

Owó ìtanràn yìí ló ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Wọ́n á ní bí ó bá jẹ́ pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún péré ni, kí ló kù? Ohun tó kù pọ̀ jọjọ. Ìtanràn náà wà fún àìròyìn nìkan. Bí ẹni tí ọkọ̀ gbá bá fara pa gidigidi, ẹ̀sùn ìwàkuwà lè tẹ̀ lé e. Bí ó bá kú, ẹ̀sùn náà lè di pípa ènìyàn nípa ìwàkuwà, tàbí ìpànìyàn láìmọ̀ọ́mọ̀, èyí tó kúrò ní ọ̀rọ̀ owó tó sì di ti ẹ̀wọ̀n. Ilé-ẹjọ́ lè gba ìwé ìwakọ̀ lọ́wọ́ onítọ̀hún, kó sì pàṣẹ pé kó san owó gbà-máà-bínú. Ikú ojijì lójú títì tún ń mú òfin kọ́rónà ti ìpínlẹ̀ Èkó wọlé, èyí tí wọ́n ṣe ní 2007: irú ikú bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dé etígbọ̀ọ́ kọ́rónà, kí wọ́n wádìí ohun tó fà á. Awakọ̀ tó dúró yóò lè sọ tẹnu rẹ̀ nínú ìwádìí yẹn. Ẹni tó sá ti jọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ náà fún àwọn tó rí i.

Ibí gan-an ni sísá ti ń ba ẹjọ́ ẹni jẹ́. Òtítọ́ ni pé ilé-ẹjọ́ kì í sọ pé ẹni tó sá ti jẹ̀bi nítorí pé ó sá nìkan. Ènìyàn lè sá nítorí ẹ̀rù. Abala 36 nínú òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 sì sọ pé aláìṣẹ̀ ni olùjẹ́jọ́ títí ẹ̀rí yóò fi fi hàn pé ó jẹ̀bi. Àmọ́ sísá máa ń bá ẹ̀rí mìíràn kẹ́gbẹ́ pọ̀. Bí ẹnìkan bá jẹ́rìí pé ọkọ̀ náà ń sáré àsápajúdé, tí ìkejì sì jẹ́rìí pé kò dúró, ẹ̀rí ìkejì yóò fi egungun sínú ẹ̀rí àkọ́kọ́. Bí awakọ̀ bá sọ pé bíréèkì ló já, àwọn òṣìṣẹ́ VIO, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ yíyẹ ọkọ̀ wò, ì bá ti yẹ ọkọ̀ náà wò níbẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Kò sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló kù. Bí ó bá sọ pé òun kò mu ọtí, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fẹ́ èémí sí ì bá ti gbè é lẹ́sẹ̀. Ó ti sá, ojú tí gbogbo ènìyàn yóò fi wò ó ni pé ó lọ jẹ́ kí ọtí dá lójú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ béèlì bá dé, agbẹjọ́rò ìjọba yóò rán adájọ́ létí pé ọkùnrin yìí ti sálọ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìdájọ́ bá dé, ẹ̀bẹ̀ tí agbẹjọ́rò rẹ̀ yóò bẹ̀ kò ní lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Awakọ̀ méjì lè gbá ènìyàn lọ́nà kan náà ní ọjọ́ kan náà. Èyí tó dúró lè lọ sílé lómìnira, kí èyí tó sá lọ sí ẹ̀wọ̀n.

Wíwá ẹni tó sá kò sì ṣòro tó bí ẹni tó ń sá ṣe ń rò. Dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó já bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tòmátò yẹn, ohun tó kọ́kọ́ ń sọ ni irú ọkọ̀ tó jẹ́ àti ọdún tó jáde, nítorí oríṣi ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní dígí tirẹ̀. Ọ̀dà ara ọkọ̀ lè lẹ̀ mọ́ bàtà tàbí aṣọ. Gíláàsì iná iwájú tó fọ́ sílẹ̀ yóò ṣe déédéé pẹ̀lú èyí tó ṣẹ́kù lára ọkọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn to ìkòkò tó fọ́ pa pọ̀. Kámẹ́rà ilé-epo tó wà lẹ́bàá ọ̀nà kì í sùn. Àwọn tó ń ta nǹkan lábẹ́ afárá sì mọ kíka nọ́ńbà ọkọ̀ ju bí awakọ̀ ṣe mọ̀ lọ: ẹni tó bá rí KTU mọ̀ pé ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti fún ọkọ̀ náà ní nọ́ńbà, èyí tó kù kò ju nọ́ńbà mẹ́ta àti lẹ́tà méjì lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè fi báírò kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Láti orí nọ́ńbà, ọlọ́pàá yóò dé orí orúkọ ẹni tó ni ọkọ̀, nítorí pé àkọsílẹ̀ nọ́ńbà wà lọ́wọ́ FRSC. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú sì ni ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ tó ń lu ara ọkọ̀ tó bá wó. Ọkọ̀ tí iwájú rẹ̀ wó lálẹ́ àná, tí olówó rẹ̀ fẹ́ kí wọ́n parí rẹ̀ kí ilẹ̀ òní tó ṣú, tí kò sì bá wọn yọwó, máa ń fu ènìyàn lára.

Àwọn kan ń ronú pé bí àwọn bá ti kọjá Alákukọ, tí àwọn wọ Sángo Ọ̀tà, ìpínlẹ̀ Ògùn làwọn wà, ọwọ́ Èkó kò tó àwọn mọ́. Ẹ̀tàn ni. Ọlọ́pàá Nàìjíríà jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo láti Èkó dé Ṣókótó, FRSC náà bẹ́ẹ̀. Ìwé àṣẹ ìfipámúni tí májísíréètì Èkó fọwọ́ sí ṣeé fi mú ènìyàn ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Sísọdá ààlà kàn ń fi hàn pé onítọ̀hún mọ ohun tó ń ṣe ni.

Ìbẹ̀rù èrò ni ìdí tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ fi ń sá, ó sì yẹ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò láìfi bò. Kì í ṣe àròsọ. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tí kò rí bí ìjàǹbá ṣe ṣẹlẹ̀ lè ti kó igi àti òkúta dé, kí wọ́n lu awakọ̀, kí wọ́n dáná sun ọkọ̀. Òfin kò ní kí ẹnikẹ́ni jókòó de ikú. Ṣùgbọ́n ó mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń sá fún èrò àti ẹni tó ń sá fún òfin. Ibi tí ènìyàn forí lé ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Awakọ̀ tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu, tó wa ọkọ̀ tààrà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá Òkè-Odò tàbí ti Mẹ́ìrán, tó sọ orúkọ ara rẹ̀, tó ní kí wọ́n kọ àkókò tí òun dé sínú ìwé, tó ti pe 767 tàbí 112 lójú ọ̀nà pé ẹnìkan wà nílẹ̀ lábẹ́ afárá, kò sá. Nọ́ńbà 122 ti FRSC náà wà. Àwọn ìpè wọ̀nyí ń fi àkókò sílẹ̀ lórí fóònù, àkókò náà sì jẹ́ ẹ̀rí. Ẹni tó dé àgọ́ ọlọ́pàá lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá àti ẹni tó dé ibẹ̀ ní ọjọ́ kejì lẹ́yìn tó ti fọ ọkọ̀, ọ̀rọ̀ wọn kò lè dọ́gba.

Èrò tó ń dá sẹ̀ríà fún awakọ̀ náà ń rú òfin, kò sì sí ẹ̀bùn kankan tí ìbínú ń fún wọn lábẹ́ rẹ̀. Lílu ènìyàn jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, dídáná sun ọkọ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, bí awakọ̀ bá sì kú, ìpànìyàn ni, ikú sì ni ìjìyà ìpànìyàn nínú òfin ìpínlẹ̀ Èkó. Ó tún ń ṣe ẹni tí wọ́n ní àwọn ń gbèjà rẹ̀ ní ibi. Ọkọ̀ tó ti jóná kò lè fi hàn bóyá bíréèkì rẹ̀ mú, ìwé adójútòfò tó wà nínú rẹ̀ ti di eérú, àkókò tí wọ́n fi ń wá pẹtiróòlù sì ni àkókò tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dà lára obìnrin náà. Nítorí pé èrò ń lu awakọ̀, awakọ̀ ń sá. Nítorí pé awakọ̀ ń sá, èrò ń yára lu èyí tó dúró. Ẹni tó wà nílẹ̀ ló ń jìyà ọ̀rọ̀ náà láti ìhà méjèèjì.

Ti ọlọ́kadà tún le díẹ̀. Láti ọdún 2012 ni òfin Èkó kò ti fàyè gbà á lórí àwọn òpópónà ńláńlá, márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta sì wà lára wọn. Nítorí náà, ọlọ́kadà tó gbá ènìyàn níbẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ kan ti wà lọ́rùn òun kí èyí tó ṣẹlẹ̀, ó sì ń rò pé sísá ni yóò gba òun. Ọ̀kan ni yóò di méjì.

Ọ̀rọ̀ kò tán lọ́rùn awakọ̀ nìkan. Ọ̀pọ̀ dánfó àti kòrópe ló jẹ́ pé ẹni tó ń wà wọ́n kọ́ ló ni wọ́n. Ó ń kó owó fún ọlọ́kọ̀ lójoojúmọ́ tàbí lọ́sẹ̀. Nínú ẹjọ́ owó, ilé-ẹjọ́ máa ń kọ́kọ́ gbà pé iṣẹ́ ọlọ́kọ̀ ni awakọ̀ ń ṣe, àfi bí ọlọ́kọ̀ bá mú ẹ̀rí mìíràn wá. Ìtumọ̀ èyí ni pé ẹni tó jókòó sílé rẹ̀ ní Ìpájà lè gba ìwé ìpẹ̀jọ́ nítorí ohun tí awakọ̀ rẹ̀ ṣe ní Abúlé Ẹ̀gbá, kó sì san owó ìwòsàn, owó iṣẹ́ tí onítọ̀hún pàdánù àti owó ìrora. Ọlọ́kọ̀ tó bá ọlọ́pàá sọ pé òun kò mọ ẹni tó gbé ọkọ̀ òun jáde, nígbà tó mọ̀, tàbí tó fi awakọ̀ pamọ́ sí ìlú rẹ̀, ti dá ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀: ó ṣe ìrànwọ́ fún ọ̀daràn lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀.

Adójútòfò wà nítorí irú ọjọ́ báyìí. Láti ọdún 1945 ni òfin Nàìjíríà ti ní kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní adójútòfò tí yóò gbọ́ bùkátà ẹlòmíràn tí ọkọ̀ náà bá ṣe léṣe. Láti oṣù Kínní ọdún 2023, ₦15,000 lọ́dún ni owó rẹ̀ fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àdáni, dúkìá tó bà jẹ́ sì lè gba tó ₦3,000,000. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé rẹ̀ wò lójú títì. Awakọ̀ tó ní ìwé yìí tó sì sá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ fún un. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò ń fẹ́ ìròyìn kíákíá àti ìwé ọlọ́pàá. Ẹni tó sá kò ní ìkankan. Bí wọ́n bá sì san owó fún ẹni tó fara pa nítorí pé ilé-ẹjọ́ pàṣẹ, wọ́n lè padà wá gbà á lọ́wọ́ ẹni tó rú àdéhùn.

Bí wọn kò bá rí awakọ̀ ńkọ́? Òfin adójútòfò ti ọdún 2003, èyí tó wà títí di ọdún 2025, ronú kàn án: ó ní kí wọ́n dá àpò owó kan sílẹ̀, tí ọ̀kan lára iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti san owó gbà-máà-bínú fún aláìṣẹ̀ tí awakọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, tàbí tí kò ní adójútòfò, bá pa tàbí sọ di aláàbọ̀ ara títí ayé. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán tó sì jinná kò sí nínú rẹ̀. Bírítéènì ti ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láti ọdún 1946. Ní Abúlé Ẹ̀gbá, ìdílé tí ọ̀ràn bá máa ń dá owó láàárín ará àdúgbò, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, láìmọ̀ pé òfin ti dárúkọ wọn rí. Ó yẹ kí a túbọ̀ máa pariwo rẹ̀.

Ilé ìwòsàn náà ní ojúṣe. Ẹni tó bá gbé obìnrin náà dé Ọsibítù Ìjọba ní Igando tàbí ti Orílé Agége, tàbí ilé ìwòsàn aládàáni tó wà nítòsí, kò gbọ́dọ̀ bá ẹnu ọ̀nà tí wọ́n tì, kí wọ́n ní kó lọ mú ìwé ọlọ́pàá tàbí owó wá kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Abala 20 nínú òfin ètò ìlera orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 ní òṣìṣẹ́ ìlera kò gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè san ₦100,000 tàbí kó lọ sí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. FRSC náà ní ìtanràn ₦50,000 fún ilé ìwòsàn tó bá lé ẹni tí ọkọ̀ gbá padà. Ẹni tó ń kọjá lọ tó ṣàánú gbé e kò sì jẹ̀bi nǹkan kan. Kó sọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tó ti rí i, kó máa lọ.

Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ni ìdílé méjèèjì ń parí láàárín ara wọn. Àgbààgbà á jókòó, wọ́n á bẹ̀bẹ̀, owó ìwòsàn á yọ, wọ́n á buwọ́ lùwé. Ohun tó dára ni, ó sì ń dín ẹjọ́ owó kù. Àmọ́ bí ẹ̀mí bá ti lọ, ìdílé kọ́ ló ni ẹjọ́ ọ̀daràn. Ìjọba ló ni ín. Ìwé tí wọ́n buwọ́ lù nílé lè mú kí adájọ́ fojú àánú wo awakọ̀, kò lè pa fáìlì ọlọ́pàá rẹ́.

Ẹni tó ti sá, tí ara rẹ̀ kò sì balẹ̀ mọ́, ṣì ní ọ̀nà. Kó mú agbẹjọ́rò dání, kó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá fúnra rẹ̀. Abala 35 nínú òfin orílẹ̀-èdè fún un ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ títí yóò fi bá agbẹjọ́rò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Níbi tí ilé-ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40, bí ilé-ẹjọ́ májísíréètì Ògbà ṣe wà sí Abúlé Ẹ̀gbá, ọjọ́ kan ni ọlọ́pàá ní láti gbé e dé iwájú adájọ́ tàbí kí wọ́n fún un ní béèlì, béèlì kò sì ní owó nínú. Kó má ṣe tún ọkọ̀ náà ṣe kó tó lọ. Kó má sì ṣe wá ẹni tí yóò sọ pé òun ló wà á. Irọ́ yẹn yóò sọ ènìyàn kan di méjì nínú ẹ̀ṣẹ̀. Adájọ́ lè ka wíwá tó wá fúnra rẹ̀ sí rere fún un.

Bí kò bá wá, ẹjọ́ náà yóò dúró dè é. Ẹjọ́ owó ní àkókò tó gbọ́dọ̀ wọlé, ẹni tó bá jẹ́ kó kọjá ti pàdánù rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìdílé ẹni tó fara pa kò fi gbọ́dọ̀ sùn lé e. Àmọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn tó mú ẹ̀mí lọ kì í gbó. Dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà yóò wà nínú àpò ọ̀rá pẹ̀lú nọ́ńbà fáìlì lára rẹ̀, nọ́ńbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ sí àtẹ́lẹwọ́ yóò wà nínú ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ tòmátò kúrò lórí ọ̀dà.